Ta ni Ọ̀gá láàrin Russell àti Chamberlain?

Ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 1969, ní agbègbè Los Angeles, wọ́n kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ bàlúùnù sí abẹ́ òrùlé gbọ̀ngàn ìṣeré kan. Ẹni tí ó ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Lakers ni ó pàṣẹ bẹ́ẹ̀, pé bí ẹgbẹ́ òun bá ti borí tán, kí wọ́n tú wọn sílẹ̀ kí wọ́n máa rọ̀ bí òjò sórí èrò. Ẹgbẹ́ Celtics ti ìlú Boston ni wọ́n fẹ́ bá figagbága. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti borí lẹ́ẹ̀mẹ́ta mẹ́ta. Ẹni tí ó bá mú ìkeje yìí ni ó ni ife ẹ̀yẹ. Nígbà tí ó kù bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí eré parí, orókún bẹ̀rẹ̀ sí í dun Wilt Chamberlain, òpó ẹgbẹ́ Lakers, ó sì jáde lọ jókòó. Nígbà tí ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn díẹ̀, ó ní òun fẹ́ padà wọlé, ṣùgbọ́n akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Celtics fi àmì ayò 108 borí 106. Bàlúùnù kò rọ̀.

Bill Russell, tí ó jẹ́ agbábọ́ọ̀lù àti akọ́nimọ̀ọ́gbá fún Celtics lẹ́ẹ̀kan náà, kò tún gbá bọ́ọ̀lù mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà. Láìpẹ́, ó sọ ní gbangba pé kò yẹ kí Chamberlain jáde kúrò nínú irú eré bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dun ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọra, ó sì tó nǹkan bí ogún ọdún tí wọn kò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì yìí ti jọ jẹun rí nílé àwọn òbí Chamberlain ní Philadelphia, ní ọjọ́ àjọ̀dún Ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà, kí wọ́n tó lọ kojú ara wọn lórí pápá.

Ìjà àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ti tán. Ti àwọn òǹwòran kò tíì tán: ta ni ó mọ bọ́ọ̀lù agbọ̀n gbá jù nínú wọn?

Ẹni tí ó bá ń gbè sẹ́yìn Chamberlain, òǹkà ni ó máa ń tẹ́ sílẹ̀ bí ẹni tẹ́ ẹní. Ọkùnrin náà ga ní ẹsẹ̀ bàtà 7 àti ínṣì 1, agbára rẹ̀ sì bá gíga rẹ̀ mu. Ní sáà 1961 sí 1962, bí a bá pín ohun tí ó jẹ sí iye eré tí ó ṣe, àmì ayò 50.4 ni ó ń kan eré kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú 48 ni eré kan, síbẹ̀ iye ìṣẹ́jú tí ó ń lò lórí pápá ju 48 lọ, nítorí pé kì í sábà jáde, a sì máa ń fi àkókò kún eré tí àwọn ẹgbẹ́ bá ta ọ̀mì. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta ọdún 1962, ní ìlú Hershey, ó dá àmì ayò 100 jẹ nínú 169 tí ẹgbẹ́ rẹ̀ fi borí Knicks tí wọ́n jẹ 147. Kò sí ẹlòmíràn tí ó tíì dé ọgọ́rùn-ún nínú ìdíje NBA. Ohun tí ó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé bọ́ọ̀lù tí rẹfirí máa ń yọ̀ǹda fún ẹni tí a bá ṣẹ̀, kí ó jù ú láìsí ẹni tí yóò dí i lọ́nà, ni Chamberlain kò mọ̀ ọ́n jù. Lálẹ́ ọjọ́ náà, 28 wọlé nínú 32! Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1960, ó gba bọ́ọ̀lù 55 tí ó ta padà lára irin agbọ̀n nínú eré kan ṣoṣo. Celtics ni wọ́n ń bá figagbága lọ́jọ́ náà, Russell fúnra rẹ̀ sì wà lórí pápá.

Kí ni Russell ní láti fi dáhùn? Àmì ayò 15.1 péré ni ó ń jẹ nínú eré kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n nínú sáà 13 tí ó lò, ife ẹ̀yẹ 11 ni ẹgbẹ́ rẹ̀ gbà. Ohun kan tún wà tí àwọn onísirò kì í fẹ́ fẹnu bà. Ní sáà tí Chamberlain ń jẹ àádọ́ta yẹn gan-an, Russell ni wọ́n fi joyè agbábọ́ọ̀lù tí ó pegedé jù lọ. Kì í ṣe àwọn oníròyìn ni ó dìbò nígbà náà, àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹlẹgbẹ́ wọn ni, àwọn tí ó ti fara gbá àwọn méjèèjì.

Iṣẹ́ Russell wà nínú dídí ọ̀tá lọ́nà. Ní ayé ìgbà náà, àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá a máa kìlọ̀ pé ẹni tí ó ń sọ́ agbọ̀n kò gbọdọ̀ fò sókè. Russell fò. Bí ẹlòmíràn bá sì gbá bọ́ọ̀lù ọ̀tá, á gbá a dà sáàárín èrò, wọn á sì dá a padà fún ẹni tí ó ni ín. Russell a máa rọra fọwọ́ tọ́ ọ kí ó lè bọ́ sọ́wọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ohun tí ó burú ni pé kò sí ẹni tí ń kọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Sáà 1973 sí 1974 ni NBA bẹ̀rẹ̀ sí í ka bọ́ọ̀lù tí a dí, Russell ti lọ, Chamberlain náà ti lọ. Ọmọ Yorùbá kan láti Èkó, Hakeem Olajuwon, ni ó wà lókè ìwé náà lónìí pẹ̀lú 3,830. Orúkọ àwọn àgbà méjì yìí kò sí níbẹ̀ rárá.

Wọn a ní kì í ṣe Russell nìkan ni ó gba ife 11. Òtítọ́ ni. Red Auerbach ni ó kọ́ wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bob Cousy, Sam Jones àti John Havlicek sì wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni àwọn méjèèjì bá ara wọn dé ìfigagbága ìkeje, ẹ̀ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni Russell sì borí: àmì ayò 2 ni ó fi là á ní 1962, 1 ní 1965, 4 ní 1968, 2 ní 1969. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ mẹ́sàn-án. Ní ti ọdún 1965, nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, bọ́ọ̀lù tí Russell ń jù wọlé lọ kọ lu wáyà tí ó gbé agbọ̀n dúró, ó sì di ti ẹgbẹ́ Chamberlain. Havlicek ni ó já a gbà tí ó fi bo àṣìṣe ọ̀gá rẹ̀. Ẹni tí ó bá torí àmì ayò mẹ́sàn-án pe Chamberlain ní ọ̀lẹ, kò ṣe òdodo.

Síbẹ̀, ọdún 1967 ni ó tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Ní sáà yẹn, Chamberlain dín jíjẹ kù sí nǹkan bí 24, ó ń fi bọ́ọ̀lù fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó ń sọ́ agbọ̀n. Ẹgbẹ́ rẹ̀ na Celtics ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin sí ẹyọ kan, wọ́n sì gba ife ẹ̀yẹ. Ọ̀nà Russell ni ó tọ̀ tí ó fi borí Russell. Russell kò fi ìgbà kan yá ọ̀nà Chamberlain lò. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ tí ara ènìyàn lè ṣe ni à ń wọ̀n, Chamberlain ni ọ̀gá, kò sì sí àríyànjiyàn. Bí ó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù gbígbá gẹ́gẹ́ bí eré ẹni márùn-ún, ti Russell ni.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí Russell sọ ní 1969 kò sí lára ẹ̀rí tí ó yẹ kí a gbà. Òun fúnra rẹ̀ padà tọrọ àforíjì. Nígbà tí Chamberlain kú ní oṣù Kẹwàá ọdún 1999, Russell wà lára àwọn tí ó dìde sọ̀rọ̀ níbi ìsìn ìdágbére rẹ̀.