Ilé Ìjọsìn àti Ilé Àlùfáà Àtijọ́ ní Lọ́kọ́jà

Iṣẹ́ tí ìgbìmọ̀ gbé lé mi lọ́wọ́ ni kí n sọ̀rọ̀ lórí àwọn ilé ìjọsìn àti ilé àlùfáà àtijọ́ ní ìlú wa yìí. N kò ní pẹ́, torí òórùn ọbẹ̀ ti ń wọlé.

Etí odò ni ìtàn yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1841 ni Àjàyí Crowther kọ́kọ́ bá ọkọ̀ òyìnbó gòkè odò Ọya dé ibi tí Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé. Ibà pa púpọ̀ nínú àwọn òyìnbó náà, àwọn yòókù sì sá padà. Ní 1857 Crowther tún wá, ó sì dá ibùdó míṣọ̀n sílẹ̀ ní Gbẹ̀bẹ̀, ní òdìkejì odò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa: ṣọ́ọ̀ṣì tí ó ti ṣe ìrìbọmi fún àwọn onígbàgbọ́ àkọ́kọ́ níbẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 1862, ilé alámọ̀ ni. Ìjà oyè ló tú Gbẹ̀bẹ̀ ká lẹ́yìn ọdún díẹ̀, iṣẹ́ náà sì kó wá sí Lọ́kọ́jà, ibùdó tí Dókítà Baikie ti tẹ̀ dó ní bí 1860. Ta ni nínú wa ló lè tọ́ka sí ibi tí ṣọ́ọ̀ṣì alámọ̀ náà wà lónìí?

Ẹnì kan tí ó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yẹn kì í ṣe òyìnbó. James Thomas ni wọ́n ń pè é, ọmọ Yorùbá ìhà àríwá-ìlà-oòrùn, ìyẹn ìhà ọ̀dọ̀ tiwa níbí. Wọ́n kó o lẹ́rú, ó gba òmìnira ní Sàró, ó sì padà wá ṣiṣẹ́ ní Gbẹ̀bẹ̀ àti Lọ́kọ́jà láti 1858 dé 1879. Ohun tí ó ń rí lójoojúmọ́ ni ó ń kọ ránṣẹ́ sí CMS ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ìwé CMS sì wà ní yunifásítì Birmingham títí di òní. Òyìnbó tọ́jú ìwé tí ọmọ wa kọ. Àwa tí a jogún ilẹ̀ tí ó rìn, kí la tọ́jú?

Ọdún 1865 ni a kà sí ọdún tí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther dá ilé ẹ̀kọ́ Holy Trinity sílẹ̀, òun náà ni a sì máa ń pè ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ìhà Àríwá. Inú ọgbà náà ni irin òmìnira wà, irin méjì tí a rì mọ́lẹ̀. Ìtàn ìlú sọ pé ibẹ̀ ni a ti ń tú ẹrú sílẹ̀. Àwọn àlejò máa ń wá ya àwòrán rẹ̀. Àwọn kan nínú wa tí wọ́n ń gba ẹ̀bá ibẹ̀ lọ sọ́jà kò tíì yà síbẹ̀ rí.

Ọ̀rọ̀ lórí irú ilé tí ó yẹ àlùfáà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1890, òyìnbó ọ̀dọ́ méjì, Wilmot Brooke àti Robinson, dé Lọ́kọ́jà, wọ́n ní àwọn yóò wọ aṣọ Haúsá, àwọn yóò sì máa gbé bí ọmọ ìlú. Wọ́n bá àwọn òṣìṣẹ́ dúdú tí Crowther yàn wí gidigidi, ìwà tí èmi kò lè yìn. Robinson kú níbí ní 1891, Brooke ní 1892. Crowther alára kú ní ọjọ́ tí 1891 parí.

Ẹ wo Bàdágìrì. Wọ́n fi ìpìlẹ̀ ilé àlùfáà alájà níbẹ̀ lélẹ̀ ní 1842, wọ́n parí rẹ̀ ní 1845, ó sì wà lórí ìdúró títí di òní. Àwọn ènìyàn ń rin ìrìn àjò lọ wò ó. Tiwa ńkọ́?

Àwọn ohun tí ń pa ilé wọ̀nyí kò pọ̀. Páànù jò, a kò pààrọ̀ rẹ̀. Odò kún ní 2012, ó tún kún ní 2022. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń ba ògiri alámọ̀ jẹ́ jù ni ìfẹ́ rere wa: a gbé sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri náà kí ó lè dán. Ògiri amọ̀ a máa fa omi láti ilẹ̀, a sì máa mí í jáde. Bí sìmẹ́ńtì bá ti bo ojú rẹ̀, omi há sínú, ẹsẹ̀ ògiri á rà, ilé á wó, a ó sì wí pé amọ̀ kò lágbára. Amọ̀ ni kí a fi rẹ́ amọ̀.

Mi ò sọ pé kí a má kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tuntun o. Ìjọ ń pọ̀ sí i, àlùfáà àti ìyàwó rẹ̀ nílò ilé tí omi ẹ̀rọ wà. Àmọ́ kí ìgbìmọ̀ ilé kíkọ́ tó pe katakata, kí wọ́n wọn ilé àtijọ́ náà, kí wọ́n ya àwòrán gbogbo yàrá, kí wọ́n sì gbé ìwé ìrìbọmi àti ìwé ìgbéyàwó kúrò nínú àpótí tí ikán ti ń jẹ. Òfin ilé ìṣẹ́ àjogúnbá ti wà láti 1979, ṣùgbọ́n bí a bá ní kí a dúró de ìjọba, ilé yóò ti wó.

Ẹni tí ó bá ní àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ilé àlùfáà àtijọ́ nílé, ìbáà jẹ́ ti ìgbéyàwó bàbá àgbà, kí ó mú un wá fún akọ̀wé ẹgbẹ́. A ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀, a ó sì dá a padà. Kí ó kọ ọdún àti orúkọ àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ sẹ́yìn, pẹ̀lú pẹ́ńsù.