Ọ̀nà Ọsibítù Kò Jìn
Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àjọyọ̀ ọdún kẹwàá ẹgbẹ́

Ọdún 10 kì í ṣe ọjọ́ 10. Àwọn tí ẹ jọ bẹ̀rẹ̀ tí wọn ò sí níbí mọ́, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Akọ̀wé yín ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìlera, ó sì ní kí n má pẹ́, nítorí oúnjẹ ti jinná.

Ẹni tó bá wà ní Ọjẹ́ lè fẹsẹ̀ rìn dé UCH. Òfin tó dá ọsibítù yẹn sílẹ̀ jáde ní 1952, wọ́n sì ṣí i ní 1957. Kí wọ́n tó kọ́ ọ tán, Adéọ̀yọ́ ní Yemẹtu, ẹ̀yìnkùlé wa níbí, ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ti ń kọ́ṣẹ́. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni ò lè sọ pé ìgboro Ìbàdàn ò ní ọsibítù. Síbẹ̀, agboolé wo ló wà láàárín wa tí rọpá-rọsẹ̀ kò tíì dá ẹnì kan dùbúlẹ̀ níbẹ̀?

Mo mọ ìyá kan tó ń ta èlùbọ́. Èmi ni mo wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀: 190/110. Bó bá ti dé 140/90 ni a ti ń kọminú. Mo ní kó lọ rí dókítà, ó sì lọ. Ó sanwó káàdì, ó sanwó àyẹ̀wò, ó pàdánù ọjà ọjọ́ méjì. Oògùn tó rà tó oṣù kan. Nígbà tó tán, ara rẹ̀ le koko, orí kò fọ́ ọ, ó ní kí lòun tún fẹ́ fi oògùn ṣe. Èmi ò bá a wí, torí bí ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe ń ṣe nìyẹn: kì í dun èèyàn. Ẹni tí kò bá sì ní owó púpọ̀, ohun tó ń dùn ún ló máa kọ́kọ́ náwó sí.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó ṣubú lóru. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kò lè wọ inú agboolé, nítorí ilé ti fún mọ́ ilé. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀kùn kan, wọ́n gbé e dé títì. Ó yè, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò lè bu èlùbọ́ mọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin fi iṣẹ́ aránṣọ sílẹ̀ láti máa tọ́jú rẹ̀. Àìsàn kan, owó ẹni méjì ló lọ.

Ẹ jẹ́ kí irú ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn mú ẹnì kan ní Bódìjà. Ó ní ẹ̀rọ tó ń fi wọ̀n ọ́n nílé, ilé iṣẹ́ rẹ̀ ń sanwó oògùn, ọkọ̀ ń dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Àìsàn kan náà ni, àmọ́ ti ẹ̀gbẹ́ ibí ló ń pa èèyàn. Èmi ò tíì sọ ti kànga tó sún mọ́ ṣáláńgá, tàbí ti Ògùnpa, tí gbogbo wa ṣì ń rántí ohun tó ṣe ní oṣù kẹjọ 1980.

Mi ò sọ pé gbogbo nǹkan inú agboolé ló burú o. Àwọn onímọ̀ láti UCH àti Indianapolis ní Amẹ́ríkà wá ṣe ìwádìí ní Ìdíkàn láti 1992. Èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 fi hàn pé àrùn ìgbàgbé kì í mú àwọn àgbà wa tó bó ṣe ń mú àwọn adúláwọ̀ ọ̀hún.

Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹgbẹ́ púpọ̀ máa ń ta ìbòrí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, wọ́n á wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ọgọ́rùn-ún èèyàn, wọ́n á pín parasitámọ̀, wọ́n á ya fọ́tò. Lọ́jọ́ kejì, ẹni tó gbọ́ pé tòun ga ti mọ ohun tó ń ṣe òun, kò sì rí ẹni tó máa bá a ra oògùn. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹ mú agboolé kan ṣoṣo, àgbà 20 níbẹ̀. Ẹ ra ẹ̀rọ kan, ẹ ní ìwé kan, kí ẹnì kan máa lọ ní oṣooṣù, kó sì béèrè bóyá oògùn ṣì wà. Ẹni tí oògùn rẹ̀ bá ti tán, kí ẹ rà á.

Òfin 2022 ti sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, ìpínlẹ̀ wa náà sì ní ètò tirẹ̀. Owó aṣọ ẹbí àjọ̀dún kan á forúkọ àgbà mélòó kan sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè ọsibítù tí wọ́n máa kọ sí káàdì wọn, kí ẹ sì béèrè bóyá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wà nínú rẹ̀. Mo ti rí ẹni tó gbé káàdì lọ tó sì gbé e bọ̀.

Bí ẹ bá gbà, èmi náà á máa bá yín lọ. Ìyá eléèlùbọ́ ní kí n kí yín. Ó ní bí ẹ bá ń bọ̀, kó má jẹ́ ọjọ́ ọjà Ọjẹ́, torí ẹ ò ní bá ẹnikẹ́ni nílé lẹ́yìn òun.