Ṣọ́ọ̀ṣì Kúdẹtì àti Àwọn Tí Ó Dì Í Mú

Ìtàn ṣọ́ọ̀ṣì Kúdẹtì ní Ìbàdàn ni mo mú wá lónìí. Bí mo ti ń sọ ọ́, ẹ máa bi ara yín léèrè pé, ta ni kò jẹ́ kí ilé yìí parun?

Ní ọdún 1851 ni David Hinderer kọ́kọ́ wọ Ìbàdàn. Ọmọ ilẹ̀ Jámánì ni, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ C.M.S. ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó rán an níṣẹ́. Ìlú jagunjagun ni Ìbàdàn nígbà náà. Àwọn ìjòyè jókòó, wọ́n gbìmọ̀ lórí àlejò yìí. Àwọn kan kò fẹ́ ẹ rárá, ṣùgbọ́n níkẹyìn wọ́n gbà á láàyè. Ó padà sí òkè òkun, ó fẹ́ Anna ní ọdún 1852, àwọn méjèèjì sì dé Ìbàdàn ní ọdún 1853.

Kúdẹtì ni wọ́n kọ́lé sí, ilé ìsìn sì tẹ̀ lé e. Ẹ má ṣe rò pé ilé ńlá ni. Amọ̀ ni ògiri rẹ̀, ewé ni wọ́n fi bo orí rẹ̀. Wọ́n dá ilé ìwé sílẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ta ni yóò fi ọmọ rẹ̀ fún wọn? Àwọn òbí ń bẹ̀rù pé ìwé yóò sọ ọmọkùnrin di ojo. Ìjòyè kan tí ń jẹ́ Olúnlóyọ̀ ni ó kọ́kọ́ dá a láṣà: ó mú ọmọ rẹ̀ méjì wá, Yéjídé, obìnrin, àti Akínyẹlé, ọkùnrin. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn mìíràn tẹ̀ lé wọn.

Nígbà tí ó di ọdún 1860, ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀. Kúrunmi, Ààrẹ Ìjàyè, kọ̀ láti gba Adélù gẹ́gẹ́ bí Aláàfin lẹ́yìn Àtìbà baba rẹ̀. Ìbàdàn gbè sẹ́yìn Aláàfin, Ẹ̀gbá sì gbè sẹ́yìn Ìjàyè. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà Abẹ́òkúta dí, ọ̀nà Ìjẹ̀bú náà sì dí. Ìjàyè fọ́ ní ọdún 1862, síbẹ̀ ọ̀nà òkun kò là.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún àwọn ará Kúdẹtì. Owó tí ń ti Èkó wá kò dé mọ́. Lẹ́tà kò dé, oògùn kò dé, aṣọ kò dé. Ọmọ kún inú ilé, gbogbo wọn ni yóò sì jẹun. Tọkọtaya náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta ohun èlò ilé wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí kò sí ohun títà mọ́, àwọn ará ìlú ni ó yá wọn ní owó ẹyọ. Òyìnbó tí ó wá láti kọ́ni wá di ẹni tí aládùúgbò ń bọ́. Ìlú tí ó bẹ̀rù wọn ní ìjelòó kò jẹ́ kí ebi pa wọ́n.

Ní ọdún 1865, Kápútẹ́nì Maxwell ti Èkó wá gbé ìyá náà, tí àìsàn ti sọ di hẹ́gẹhẹ̀gẹ, gba ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ inú igbó lọ sí Èkó. Ọkọ rẹ̀ kò bá a lọ lójú ẹsẹ̀. Ó dúró ti iṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ sí i. Wọ́n tún padà wá, ṣùgbọ́n ara kò gbé e mọ́. Ní ọdún 1869 wọ́n fi Ìbàdàn sílẹ̀ pátápátá. Anna kú ní ọdún 1870, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì.

Àwọn òyìnbó lọ. Ṣé ilé náà wó? Kò wó. Daniel Olúbi, tí ó bá wọn ti Abẹ́òkúta wá, ni ó gba ìtọ́jú ìjọ. Ogun Kírìjì dé lẹ́yìn ìyẹn, láti ọdún 1877, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún da ilẹ̀ rú. Olúbi kò kúrò ní ìdí iṣẹ́. Ìbàdàn ni ó wà títí ó fi kú ní ọdún 1912. Samuel Johnson pẹ̀lú, ẹni tí ó kọ ìwé ńlá lórí ìtàn Yorùbá, ọmọ tí a tọ́ ní Kúdẹtì ni. Òun ni ó wà lára àwọn tí ó ń jíṣẹ́ àlàáfíà láàárín àwọn ọba, àwọn olórí ogun àti ìjọba Èkó nígbà ogun Kírìjì.

Igi kan kì í dá igbó ṣe. Bí a bá ń sọ ìtàn Kúdẹtì, orúkọ Hinderer ni a sábà máa ń gbọ́, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó mọ orúkọ gbogbo àwọn tí ó yá wọn lówó ẹyọ? Ta ni ó mọ orúkọ àwọn tí ó po amọ̀, tí ó ru ewé? Àwọn náà ni ó di ilé náà mú.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọdé, iṣẹ́ kan rèé fún yín. Ẹ lọ bá àgbàlagbà kan nínú ilé yín, ẹ bi í léèrè àwọn tí ó kọ́ ilé ìsìn tàbí ilé ìwé àdúgbò yín, kì í ṣe olórí wọn nìkan. Ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀ kí àgbàlagbà náà tó gbàgbé. Ó di ọjọ́ mìíràn o.