Ìwé Ẹnì Kan, Èrè Gbogbo Ilé

N kò wá síbí láti wá sọ pé ẹ̀kọ́ dára. Kò sẹ́ni tí kò mọ ìyẹn nínú wa. Ìbéèrè kan ni mo gbé wá: bí ìjọba bá kọ́ ilé-ìwé, tí ọmọ kan wọlé síbẹ̀, ènìyàn mélòó ni yóò jẹ nínú ìwé tí ọmọ náà kà? Bí a bá ṣe dáhùn rẹ̀ ni a ó ṣe mọ iye tó tọ́ láti ná sórí ilé-ìwé, àti ibi tó yẹ kí a kọ́ ọ sí.

Ẹ jẹ́ ká kọjá sí ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò wa ní ilẹ̀ Benin, tí ayé ń pè ní Dàhómì títí di ọdún 1975. Léonard Wantchekon, ọmọ bíbí Zagnanado, jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ òṣèlú àti ọrọ̀ ajé ní Princeton. Ní 2015, òun pẹ̀lú Marko Klašnja àti Natalija Novta gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn ilé-ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní àwọn agbègbè Dàhómì nígbà ìjọba àwọn Faransé. Ohun tó jẹ́ kí ìwádìí yìí ṣe é gbára lé ni pé àwọn tó dá ilé-ìwé náà sílẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín abúlé kan sí èkejì. Abúlé tó rí ilé-ìwé gbà àti èyí tí kò rí i, ọgbọọgba ni wọ́n jọ wà tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, àwọn olùwádìí lè fi ojú kan náà wo ìsọ̀rí ènìyàn mẹ́ta: ẹni tó lọ sílé-ìwé, ẹgbẹ́ rẹ̀ ní abúlé kan náà tí kò lọ, àti ẹni tí abúlé rẹ̀ kò ní ilé-ìwé rárá. Wọ́n tún tọ ipasẹ̀ àwọn ọmọ tí gbogbo wọn bí.

Àwọn tó kàwé rí jẹ ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, àwọn tó ń ṣe àgbẹ̀ nínú wọn kéré, àwọn tó ń dá sí òṣèlú sì pọ̀. Ìyẹn kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Àwọn ohun méjì mìíràn ló gbà mí lọ́kàn. Àkọ́kọ́ ni pé ọmọ ẹni tí kò kàwé rárá, tó ṣáà ń gbé ní abúlé tí ilé-ìwé wà, ayé rẹ̀ dára ju ti ọmọ ẹni tó wà ní abúlé tí kò sí ilé-ìwé. Èkejì ni pé ìwé tí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá kà ń hàn lára àwọn ọmọ ìyekan rẹ̀. Àwọn olùwádìí náà fún un lórúkọ kan tó bá mi lára mu: owó orí ẹbí, èyí tí ẹni tó kàwé ń san fún ẹbí rẹ̀.

Ẹ gbà mí láyè kí n dúró lórí owó orí yìí, nítorí mo mọ ẹnì kan tó san án. Àbúrò bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Tíṣà, wọlé sí kíláàsì kìíní ní 1955. Bàbá tó bí mi ti dàgbà kọjá ọmọ ilé-ìwé nígbà náà. Oko ló wà títí tó fi kú, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ara rẹ̀. Nígbà tí Bàbá Tíṣà papò dà, a rí ìwé àkọsílẹ̀ kan nínú àpótí rẹ̀, tó fi òwú dúdú gán ẹ̀yìn rẹ̀. Orúkọ ọmọ wà lápá òsì, owó wà lápá ọ̀tún. Pọ́n-ùn àti ṣílè ló wà ní àwọn ojú ewé àkọ́kọ́. Náírà ló wà láti 1973. Owó sẹ́kọ́ńdìrì, owó ìdánwò, owó aṣọ. Lójú ewé kan, ó kọ ọ́ pé: “Bàtà Àbẹ̀ní, èyí tí mo rà lọ́jọ́sí ti ya.” Mo ka orúkọ ọmọ mẹ́tàlélógún nínú ìwé náà. Márùn-ún péré ni tirẹ̀. Orúkọ tèmi wà níbẹ̀. Àwa méjìdínlógún yòókù, kò sí ìṣirò ìjọba kankan tí yóò kà wá mọ́ èrè owó tí wọ́n ná sórí ìjókòó kan ṣoṣo ní 1955.

Ìjókòó náà kò sì wá lọ́fẹ̀ẹ́. Olóyè Stephen Awokoya, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ló gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ síwájú ilé ìgbìmọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní 1952, ètò náà sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955 lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ọmọ tó wà nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1954 jẹ́ bí 457,000. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti lé ní 811,000. Ṣùgbọ́n owó orí tí wọ́n fi gbọ́ bùkátà rẹ̀ bí àwọn ènìyàn nínú, ẹgbẹ́ òṣèlú Awólọ́wọ̀, Action Group, sì fìdí rẹmi lọ́wọ́ ẹgbẹ́ NCNC ní Ìwọ̀-Oòrùn nínú ìdìbò ìjọba àpapọ̀ 1954. Ìlà-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 1957, àìtó owó sì mú kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ilé-ìwé ní 1958. Àwọn àgbẹ̀ wa náà bèèrè pé, bí gbogbo ọmọ bá lọ sílé-ìwé, ta ni yóò bá wọn já kòkó?

Àwọn ènìyàn máa ń fi àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí ṣe àpẹẹrẹ òpè. N kò fara mọ́ ọn. Ìṣirò wọn tọ́ láti inú àpò tiwọn. Bàbá kan ló pàdánù ọwọ́ tí yóò já kòkó. Èrè ìwé náà wá pín káàkiri ọmọ àbúrò, ọmọ ẹ̀gbọ́n, àti ọmọ aládùúgbò tó ń wo ọmọ tíṣà tó sì fẹ́ dà bíi rẹ̀. Ẹni tó ru gbogbo ẹrù, tó sì jẹ díẹ̀ nínú èrè, kò lè rán ọmọ tó bí ìlú ṣe nílò lọ sílé-ìwé. Ibi tí ó ti di dandan kí ìjọba tọwọ́ bọ àpò nìyẹn. Kì í ṣe àánú ló yẹ kó mú un ṣe é; ìṣirò ni.

Èrè ìwé àwọn ọmọbìnrin tún gbòòrò sí i. Ní oṣù kẹsàn-án 1976, ìjọba àpapọ̀ mú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kárí Nàìjíríà. Una Osili àti Bridget Terry Long yẹ ètò yẹn wò nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2008. Wọ́n rí i pé ọdún kan tí obìnrin bá fi kún ìwé rẹ̀ ń dín ọmọ tó máa bí ní ìgbà èwe kù ní 0.26. Kí ẹ má bàa bi mí léèrè irú ọmọ tí ń jẹ́ ìdá mẹ́rin, ẹ gbọ́ ọ báyìí: bí obìnrin mẹ́rin bá fi ọdún kọ̀ọ̀kan kún ìwé wọn, bí ọmọ kan ni yóò dín nínú gbogbo ọmọ tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ìbá tètè bí. Ẹni tó ti gbé aboyún ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ sí ilé ìgbẹ̀bí lóru mọ ohun tí ọmọ kan yẹn túmọ̀ sí.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn ń rò nínú yín. Ayé ìgbà Dàhómì kọ́ la wà. Nígbà náà, ẹni tó mọ̀wé kà, á di akọ̀wé tàbí tíṣà láìpẹ́. Lónìí, ẹni tó gboyè ní yunifásítì ń gun ọ̀kadà. Òtítọ́ ni, n kò sì ní sọ pé èrè náà yóò pọ̀ tó ti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí wọ́n ti rí èrè náà nínú ìwádìí Dàhómì: ibi tí ilé-ìwé kò sí rí ni. Bí ìjọba ìpínlẹ̀ bá ní owó yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà, tó sì ń rò ó bóyá kó fi kún ilé-ìwé ńlá tó wà lẹ́bàá títì, níbi tí gómìnà ti lè rí ibi gé rìbọ́ọ̀nù, tàbí kó gbé e lọ sí abà tí àwọn ọmọ ibẹ̀ ń la odò kọjá kí wọ́n tó dé kíláàsì, abà ni kó gbé e lọ. Kó sì kọ́ ilé fún tíṣà síbẹ̀, nítorí tíṣà tó ń gbé láàárín ìlú ni àwọn ọmọ aládùúgbò ń rí, tí wọ́n fi ń mọ̀ pé irú ayé bẹ́ẹ̀ wà.

Ó ku ohun kan, tó kan àwa olùwádìí. Ìwé ìbéèrè tí a ń gbé wọ ilé onílé máa ń bèèrè bóyá bàbá ẹni kàwé. Mo ti jókòó sórí àpótí níwájú ìyá kan tó dáhùn pé, “Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá mi kàwé dáadáa,” ọ̀dọ́ tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ sì ti fẹ́ máa lọ kí n tó bi wọ́n pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé bàbá tó bí yín lọ́mọ ni?” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n bàbá wọn ni. Kò sí irọ́ nínú ìdáhùn wọn. Lédè wa, bàbá ni. Ìwé ìbéèrè ni kò mọ̀ wá. Ohun tí mo ń bẹ àwọn tó ń ka ilé káàkiri Nàìjíríà ni pé kí wọ́n fi ìbéèrè kan ṣoṣo kún un: “Ta ló san owó ilé-ìwé yín?” Kí wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ tó máa gba orúkọ márùn-ún.