Ẹni Àtìmọ́lé Kì í Ṣe Ẹlẹ́wọ̀n

Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí òfin. Ọ̀rọ̀ ẹnu wa ló fà á. Òkè-Ìléwó tí a jókòó sí yìí kò jìnnà sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Ìbarà, ẹlẹ́wọ̀n ni a sì ń pe gbogbo ẹni tí ó wà nínú irú ọgbà bẹ́ẹ̀. Àṣìpè ni. Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, àwọn tí ilé ẹjọ́ kò tíì dá lẹ́bi ju ìdajì àwọn tí ó wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n lọ. Ní 2019, ìjọba fi òfin sọ iṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n di iṣẹ́ àtúnṣe ìwà. Kí ni a fẹ́ tún ṣe lára ẹni tí a kò tíì mọ̀ bóyá ó ṣẹ̀?

Òfin ìpìlẹ̀ 1999, abala 35, ní kí a tú ẹni tí ó bá lo oṣù méjì ní àtìmọ́lé láìgbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ìbáà jẹ́ pẹ̀lú béèlì. Ṣùgbọ́n abala kan náà yọ ẹni tí a bá fura sí pé ó dá ẹ̀ṣẹ̀ tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ikú kúrò lábẹ́ ààbò yìí. Ẹ wá wo iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ kan ń ṣe. Bí ọlọ́pàá bá kọ “olè” sílẹ̀, ààbò oṣù méjì wà. Bí ó bá kọ “adigunjalè”, ààbò ti lọ. Májísíréètì kò ní agbára láti gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Yóò ní kí a dá ọmọkùnrin náà padà sí àtìmọ́lé, kí fáìlì rẹ̀ lọ bá àwọn agbẹjọ́rò ìjọba fún ìmọ̀ràn. Fáìlì lọ, fáìlì kò dé. Ọlọ́pàá tí ó mú un ti ṣí lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Ọdún ń gorí ọdún.

Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìdí nìyí tí a fi ní agbẹjọ́rò, ẹni tí ó gba ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́ rò. Wọlé Ṣóyínká, ọmọ Abẹ́òkúta, wà ní àtìmọ́lé láìsí ìdájọ́ láti 1967 títí di 1969, ó sì ro ẹjọ́ ara rẹ̀ fún gbogbo ayé nínú The Man Died ní 1972. Ọmọ vọ́kánáísà tí wọ́n mú lójú pópó kò ní irú ohùn bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó fi Yorùbá Ẹ̀gbá sọ ni ọlọ́pàá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ, òun náà ni ó sì tẹ ìka sí ìdí ìwé tí kò lè kà.

Kì í ṣe pé òfin kò ronú kàn án. Ní 1976, lábẹ́ ìjọba ológun Ọlúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ọmọ Abẹ́òkúta mìíràn, ni a dá Legal Aid Council sílẹ̀. Òfin 2011 ló rọ́pò ti àkọ́kọ́. Ẹni tí owó tí ń wọlé fún un kò bá ju owó oṣù tí ó kéré jù lọ, tí í ṣe 70,000 náírà láti 2024, lè gba agbẹjọ́rò lọ́fẹ̀ẹ́, ẹjọ́ ìpànìyàn àti olè jíjà sì wà lára ohun tí ìgbìmọ̀ náà ń gbà rò. Àwọn ọ̀dọ́ agbẹjọ́rò agùnbánirọ̀ náà ń ṣe gudugudu, mo yìn wọ́n. Àléébù ibẹ̀, lójú tèmi, ni pé ilé ẹjọ́ tàbí ọgbà ẹ̀wọ̀n ni agbẹjọ́rò ti sábà máa ń kọ́kọ́ pàdé tálákà, nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ti wọnú ìwé tán. Àgọ́ ọlọ́pàá ni ó yẹ kí ó ti bá a, lọ́jọ́ tí wọ́n mú un gan-an.

Agbẹjọ́rò nìkan kò sì tó. Yóò nílò ẹni tí yóò ka ìwé náà padà sí etí ẹni tí ó ni ín, ní èdè rẹ̀, kí ó tó tẹ ìka. Iṣẹ́ ẹ̀ka wa nìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ fi ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ ṣe é, kí ó dúró rí mi lẹ́yìn ìjókòó yìí.