Ìsọ̀ Kì Í Ṣe Ilé

(Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ìrànlọ́wọ́ ẹgbẹ́ wa bá ìpàdé gbogbogbòò sọ. A tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín nítorí àwọn tí ọjà kò jẹ́ kí wọ́n wá.)

A mọ̀ pé ẹ fi ọjà sílẹ̀ wá ni, a ò ní dá yín dúró pẹ́.

Ọ̀rọ̀ tó kó wa jọ lónìí kì í ṣe ti owó ilẹ̀ gbígbá, kì í sì í ṣe ti gọ́tà tó dí. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń sun ọjà ni. Ní ìpàdé tó kọjá, àwọn kan nínú wa dá a lábàá pé bí aago mẹ́jọ alẹ́ bá ti lù, kí ọlọ́dẹ máa lé gbogbo ẹni tó bá wà nínú ìsọ̀ jáde, kí a sì gba ìsọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá kọ̀. Wọ́n ní àwọn ń bẹ̀rù iná, wọ́n ní àwọn ń bẹ̀rù olè. Wọn ò jẹ̀bi. Sítóòfù àti àbẹ́là nínú ìsọ̀ onípákó kì í ṣe ohun eré. Ṣùgbọ́n kí a tó dìbò lé e lórí, ẹ ní kí ìgbìmọ̀ lọ wo irú àwọn tó ń sùn síbẹ̀. A lọ lóru, a sì rí wọn.

Ẹ̀yin ìyá, ará wa ni wọ́n. A bá ìyá kan tó ń ta tòmátì, tí púpọ̀ nínú yín ń rà lọ́wọ́ rẹ̀, òun àti ọmọ méjì lórí páálí. Èyí ẹ̀gbọ́n ń fi iná fóònù kàwé. Onílé wọn ló ta ilé mọ́ wọn lórí. A bá ìyá àgbà kan tó ti ń ta iyọ̀ níbí kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó gba ìsọ̀. Ìgbà tí ọkọ rẹ̀ kú ni ẹbí ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. A bá ọmọbìnrin tí ọpọlọ rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ balẹ̀, èyí tí a máa ń rán níṣẹ́ lọ́sàn-án, tí a kò béèrè rí pé níbo ló ń sùn. Gbogbo wọn ló ń ká páálí wọn, tí wọ́n ń gbálẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí a má baà mọ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Orí ọmọ ti wọ́, ojú wa ló ṣe.

Ẹnì kan á ní, "Ṣebí wọ́n ń tajà, kí ló dé tí wọn ò gba yàrá?" Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣírò ó bí a ṣe ń ṣírò ọjà. Ká ní yàrá kan ní ilé féèsì-mí-àì-féèsì-yú jẹ́ ₦20,000 lóṣù. Obìnrin tó bá ń yọ ₦800 sọ́tọ̀ lóòjọ́, tó sì ń tajà fún ọjọ́ 26 lóṣù, á ní ₦20,800. Ó lè san án nìyẹn! Ṣùgbọ́n onílé ò gba ti oṣù. Ọdún méjì ló fẹ́ gbà lẹ́ẹ̀kan: ₦480,000. Éjẹ́ǹtì á gba ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, àgírímẹ́ǹtì á gba bẹ́ẹ̀ náà. Àpapọ̀ rẹ̀ di ₦576,000. Ó máa tó oṣù 28 tí yóò fi tọ́jú ẹ̀, bí ọmọ kankan ò bá ṣàìsàn, bí ọjà ò bá bàjẹ́ sọ́nà. Níbo ni kó máa sùn ní gbogbo oṣù 28 yẹn? Ìdí tó fi ń sun ìsọ̀ nìyẹn. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó lówó yàrá, kò lówó ilẹ̀kùn.

Ọ̀ràn yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ní oṣù keje ọdún 1990, ìjọba ológun wó Maroko, nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni kò ríbi forí pamọ́ sí. Láàrin oṣù kọkànlá ọdún 2016 àti oṣù kẹrin ọdún 2017, wọ́n lé àwọn apẹja Otodo Gbame kúrò létí ọ̀sà, wọ́n lé ní 30,000. Ilé ẹjọ́ gíga Èkó dá a lẹ́jọ́ ní oṣù kẹfà ọdún 2017 pé lílé ènìyàn láìpèsè ibi tí wọn yóò kó lọ jẹ́ ìwà ìkà, ó sì lòdì sí ìwé òfin ilẹ̀ wa. Ẹ má gbàgbé pé bí wọ́n bá wó ilé lówùúrọ̀, abẹ́ bíríìjì àti ọjà ni ẹni tó nílé náà ń bọ̀ lálẹ́.

Bẹ́ẹ̀ a ti rí i tí ìjọba ṣe dáadáa rí. Láàrin ọdún 1979 sí 1983, Alhaji Lateef Jakande kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú sí Ìsọlọ̀, sí Amùwó-Ọ̀dọ̀fin, sí Ìpájà àti ibòmíràn. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe àwọn ilé náà títí dòní. Ohun tí wọ́n ṣe lánàá, wọ́n lè ṣe é lónìí bí a bá tẹ̀ wọ́n lójú mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n kí a tó nawọ́ sí ìjọba, ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́. Ẹ má bínú sí wa o. Onílé pọ̀ nínú wa níbí. Owó ọjà la fi kọ́ ilé, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àmọ́ ta ló ń gba ọdún méjì lọ́wọ́ opó? Ta ló ń sọ pé òun ò gba obìnrin tí kò lọ́kọ? Ta ló yọ òrùlé ilé lórí ayálégbé? Òfin Ayálégbé tí wọ́n ṣe ní Èkó ní ọdún 2011 sọ pé onílé kò gbọdọ̀ béèrè ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ẹni tó gbà á àti ẹni tó san án ló jẹ̀bi, owó ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta ni wọ́n kọ síbẹ̀. Òfin náà ní kí onílé fún ayálégbé ní rìsíìtì. Ó ní ẹni tó ń san owó lóṣooṣù gbọ́dọ̀ rí ìwé ìkìlọ̀ oṣù kan, ẹni tó ń san lọ́dọọdún, oṣù mẹ́fà. Wọ́n yọ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ní ilé níbẹ̀?

Ọ̀rọ̀ kejì ni pé fún àwọn kan, yàrá nìkan ò tó. Bí a bá fún ọmọbìnrin tí ara rẹ̀ ò dá yẹn ní kọ́kọ́rọ́, tí kò sí ẹni tó ń yọjú sí i, á tún padà sí orí páálí. Àwọn baba wa mọ èyí. Ní Aro, l'Ábẹ́òkúta, láti ọdún 1954, Dókítà Adéoyè Lambo kò ti gbogbo aláìsàn ọpọlọ mọ́ inú ọsibítù. Ó fi wọ́n wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé ìtòsí, mọ̀lẹ́bí kan ń bá wọn gbé, wọ́n ń lọ gbàtọ́jú, wọ́n ń padà sílé láàrin ènìyàn. Gbogbo ayé wá kọ́ ọ. Ní ilẹ̀ Finland, láti ọdún 2008, ìlànà wọn ni pé kí aláìnílé gba ilé ná, kí ìtọ́jú máa bá a nínú ilé. Wọn kì í ní kó yá tán kó tó gba kọ́kọ́rọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni iye àwọn aláìnílé wọn fi ń dín kù. Ilé pẹ̀lú ènìyàn, òun ni ilé.

Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni ìgbìmọ̀ ń bẹ̀ yín pé kí ẹ fọwọ́ sí.

Àkọ́kọ́, kí a má lé ẹnikẹ́ni. Kí a ṣí gbọ̀ngàn ìpàdé wa yìí fún àwọn abiyamọ àti àgbà lóru, láìsí sítóòfù, láìsí àbẹ́là, kí ọlọ́dẹ máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀rù iná ti tán nìyẹn, ọmọ ò sì sùn síta.

Èkejì, kí a dá Àpótí Ilé sílẹ̀. Bí 200 nínú wa bá ń dá ₦500 lọ́sẹ̀, ₦100,000 ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ₦300,000. Owó ọdún kan fún yàrá tí a ṣírò lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú éjẹ́ǹtì àti àgírímẹ́ǹtì, jẹ́ ₦288,000. Obìnrin kan á máa wọlé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta, obìnrin 17 ní ọdún kan. Kì í ṣe ọ̀fẹ́ o. ₦24,000 ni yóò máa dá padà lóṣù, bí ₦950 lóòjọ́, alájọ wa á máa gbà á. Tó bá san tán, a tún yá a ti ọdún kejì.

Ẹ̀kẹta, kí onílé tó wà nínú wa fi orúkọ sílẹ̀ pé òun á gba ọmọ ẹgbẹ́ sílé fún ọdún kan péré, kí ẹgbẹ́ ṣe onídùúró. Kí àgbà méjì nínú ìlà kọ̀ọ̀kan máa bẹ ẹni tó bá wọlé wò, kí wọ́n sin aláìsàn lọ ọsibítù.

Ẹ̀kẹrin, kí a rán aṣojú lọ sí káńsù àti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ìwé òfin ọdún 1999, abala 16, ní kí ìjọba rí i pé ilé tó yẹ wà fún gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè. Ètò tí Èkó gbé jáde ní ọdún 2016 láti san owó ilé díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ní kí ènìyàn kọ́kọ́ san. Ó dára, àmọ́ ọlọ́jà ò ní ìwé owó oṣù. Kí wọ́n gba káàdì àjọ wa gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. National Housing Fund tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1992 gba ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀ náà, a lè fi ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa wọ̀ ọ́. Kí wọ́n má sì wó ilé ẹnikẹ́ni láìfi ibòmíràn hàn án.

Ẹ má ní apá wa ò ká a. Alimotu Pelewura, olórí obìnrin ọjà Èréko, kò lọ sí ilé ìwé, ṣùgbọ́n ní ọdún 1940 ó kó àwọn obìnrin jáde lórí owó orí, òyìnbó sì gbọ́. Àwọn obìnrin Abẹ́òkúta pẹ̀lú Ìyá Ransome-Kuti jà títí Aláké fi fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1949. Àwa ò bá ọba jà. Kọ́kọ́rọ́ yàrá là ń wá fún ìyá olómi-tòmátì.

Bí a bá ń dìbò nísinsìnyí, ẹ rántí pé ìsọ̀ tí a fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, òun nìkan ló kù ú. Ẹni tó bá fara mọ́ ọn, kó nọ́wọ́ sókè.

Ọjà á tà o. Ilé ò ní dahoro. A ò ní sun ìta o. Àṣẹ.