Bó Bá Bàjẹ́, Ta Ni Yóò Tún Un Ṣe?

  Ọ̀rọ̀ owó àti ọkọ̀ ni mo gbé wá lónìí.

Ní Ìlíṣàn, àwa kan dá owó jọ: àwọn ọlọ́bì, olùkọ́ àti àgbẹ̀. A fẹ́ ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan tí yóò máa kó èrò lọ sí Ṣàgámù. Nígbà tí ó ku ká yan ọkọ̀, ìjà dé. Àwọn kan fẹ́ ọkọ̀ onígíà ọlọ́wọ́. Àwọn kan fẹ́ èyí tí à ń pè ní CVT. Ti CVT ni èmi ń ṣe, mo sì sọ̀rọ̀ títí ẹnu mi fi gbẹ.

Kí ni CVT? Ẹ rántí ẹ̀rọ ìlọta. Kẹ̀kẹ́ kékeré wà lára ẹ́ńjìnì, ńlá wà lára ọlọ, bẹ́líìtì sì so wọ́n pọ̀. Nítorí pé kẹ̀kẹ́ ọlọ tóbi, yíyí rẹ̀ kò yá tó ti ẹ́ńjìnì, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ pọ̀. Wàyí o, ká ní kẹ̀kẹ́ méjèèjì lè máa tóbi, kí wọ́n máa kéré, bí wọ́n ti ń yí lọ. CVT nìyẹn. Gíà ọlọ́wọ́ dà bí àtẹ̀gùn tí à ń gùn ní ìpele ìpele. CVT dà bí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè.

Ní 1958, ilé-iṣẹ́ DAF ti ilẹ̀ Họ́láńdì fi ọkọ̀ oníbẹ́líìtì rọ́bà han aráyé. Hub van Doorne ló gbé ọgbọ́n náà kalẹ̀. Nígbà tó yá, bẹ́líìtì irin rọ́pò rọ́bà.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò gba ọjà. Àwọn mìíràn fi rólà irin sí àárín àwo irin méjì tó kọjú síra; bí rólà bá ṣe dà sí, bẹ́ẹ̀ ni ìyára ń yí padà. Irú rẹ̀ kan tilẹ̀ lè mú kí ọkọ̀ dúró jẹ́ẹ́, kí ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́, láìlo kílọ́ọ̀ṣì. Torotrak ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìpín ìdókòwò rẹ̀ sí ọjà Lọ́ńdọ̀nù ní 1998, àwọn ènìyàn sì fowó sí i. Ní 1999, Nissan fi ẹ̀rọ onírólà sínú ọkọ̀ ní Jàpáànù. Ọgbọ́n ńlá ni. Ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ irin tó lágbára gan-an àti ọ́ìlì àrà ọ̀tọ̀, owó rẹ̀ sì ga. Torotrak kógbá sílé ní 2017. Bẹ́líìtì ló gba ọjà.

Bí mo ti ròyìn èyí tán, mo rò pé mo ti borí. Ìyá ọlọ́bì kan ní, “Tíṣà, a gbọ́ o. Bó bá bàjẹ́ ní Ìlíṣàn níbí ńkọ́, ta ni yóò tún un ṣe?”

Mo dákẹ́. A tọ àwọn mẹkáníìkì lọ. Wọ́n ní ọ́ìlì tirẹ̀ nìkan ni CVT ń mu. Ẹni tó bá da òmíràn sí i, ó ti bà á jẹ́. Wọ́n ní bí inú rẹ̀ bá bàjẹ́, odindi rẹ̀ ni wọ́n sábà ń pààrọ̀. Ṣùgbọ́n kílọ́ọ̀ṣì gíà ọlọ́wọ́, àwọn fúnra wọn ń tún un ṣe. Ọkọ̀ onígíà ọlọ́wọ́ la rà.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, n kò ní CVT burú. Ẹni tó rí ọ́ìlì rẹ̀ àti ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe, kí ó rà á. Ohun tí mo kọ́ ni pé ìbéèrè ìyá yìí gan-an ló pín bẹ́líìtì àti rólà níyà lókè òkun: ta ni yóò ṣe é, èló ni, ta ni yóò tọ́jú rẹ̀? Kí owó àjọ tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ kọ́kọ́ bi í.

Ó dìgbà mìíràn o.